Ahoro Ta Ni? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìrìn-àjò Inú Igbó Lọ sí Ìlú Àtijọ́, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Èjìgbò

Ìfáárà

Ìtàn ìrìn-àjò inú igbó lọ sí ìlú àwọn ará àtijọ́ jẹ́ ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan tí àwọn òǹkàwé kárí ayé fẹ́ràn. Bí ó ti sábà máa ń lọ nìyí: arìnrìn-àjò gbéra láti ìlú ńlá, ó wọ igbó, òjò pa á, yànmùyánmú jẹ ẹ́, ìbaaka rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó padà sẹ́yìn, ó fi àdá sán ewé sí apá kan, ògiri òkúta sì yọ sí i. Láti ojú ìwé náà lọ, ìlú tí ó sọnù ni orúkọ ibẹ̀, ẹni tí ó rí i ni orúkọ arìnrìn-àjò náà.

Àpilẹ̀kọ yìí kò fi ẹ̀sùn irọ́ kan irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ wọ́n ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, tí ibà sì mú ní tòótọ́. Bí a ṣe hun ìtàn náà ni àléébù ti wọ inú rẹ̀. Ìtàn náà kò lè dùn àfi bí àwọn ọmọ onílùú bá ti tán lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì wà, ìlú náà kò sọnù. Bí kò bá sì sọnù, kò sí ẹni tí ó wá a rí. Ìdí nìyí tí ọwọ́ òǹkọ̀wé fi máa ń yá láti pa àwọn alààyè rẹ́. Gègé ni ó sì fi ń ṣe é.

Ìlú Èjìgbò, tí ó wà láàrin Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ibi tí àpilẹ̀kọ yìí dúró sí wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, Samuel Johnson ka Èjìgbò mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́ tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́-Ilé, nítorí náà ahoro Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe ahoro ẹlòmíràn lójú ọmọ Èjìgbò. Èkejì, Èjìgbò fúnra rẹ̀ ti di ìlú àtijọ́ inú ìtàn lẹ́nu àwọn kan ní òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ná ọjà níbẹ̀ títí di òní. Ìlú tí ó bá mọ bí ó ti rí láti di ahoro lẹ́nu ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti bi ìtàn ahoro léèrè ọ̀rọ̀.

Igbó, Ọ̀dàn àti Ahoro

Ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú. Gbogbo ilẹ̀ tí igi pọ̀ sí ni àwọn òǹkọ̀wé ìrìn-àjò ń pè ní "jungle". Láti ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni kò ro ni ó sì túmọ̀ sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá kì í pa ilẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Igbó yàtọ̀ sí ẹgàn tí àáké kò ì kàn rí. Ọ̀dàn tí koríko ti ga yàtọ̀ sí méjèèjì. Aginjù ni ibi tí ènìyàn kì í gbé. Àgbẹ̀ Èjìgbò, tí oko rẹ̀ wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ara wọn, kò ní ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, nítorí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń hù yàtọ̀.

Ahoro dá dúró láàrin gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Igbó lè bò ó, koríko ọ̀dàn lè bò ó, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí ènìyàn kò gbé rí kò lè jẹ́ ahoro. Bí ẹnìkan bá pe ibì kan ní ahoro, ó ti jẹ́wọ́ pé ilé wà níbẹ̀ rí, pé iná jó nínú ààrò rẹ̀, pé wọ́n sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀. Bákan náà ni alápà: ògiri ilé tí òrùlé ti ṣí kúrò lórí rẹ̀ ni, kì í ṣe òkìtì lásán. Ó sì sábà máa ń ní olóhun. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò jìnnà sí Èjìgbò, ibì kan ń jẹ́ Ahoro-Dàda títí di òní. Ahoro náà ní orúkọ ènìyàn lára.

Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnìkan rí ahoro, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni: ahoro ta ni? Nínú ìbéèrè kan yìí ni òṣùwọ̀n mẹ́ta fún lámèyítọ́ ti jáde. Ta ni ó mọ̀nà tí ó mú arìnrìn-àjò dé ibẹ̀? Orúkọ wo ni ó pe ibẹ̀, ẹnu ta ni ó sì ti gbọ́ ọ? Ta ni ó sọ pé ó ni ín? Àwọn ìwé àti ìròyìn tí ó tẹ̀lé e ni a ó fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n.

Stephens ní Copán

Ìwé tí ó fi ọ̀nà lélẹ̀ fún irú ìtàn yìí ni èyí tí John Lloyd Stephens tẹ̀ jáde ní 1841. Amòfin ọmọ Amẹ́ríkà ni Stephens. Ó gbéra láti New York ní 1839 pẹ̀lú Frederick Catherwood, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gun ìbaaka la òkè àti ẹrẹ̀ kọjá dé Copán ní ilẹ̀ Honduras, níbi tí àwọn Maya ti kọ́ ìlú òkúta láyé àtijọ́. Catherwood fi ẹsẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ nítorí yànmùyánmú, ó sì ya àwọn ère tí ó dúró láàrin igi.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fún Stephens ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò gbà pé àwọn ará ilẹ̀ náà lè kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ará Íjíbítì ni, àwọn mìíràn ní ẹ̀yà Ísírẹ́lì tí ó sọnù ni. Stephens wo àwọn òkúta náà dáadáa, ó fi wọ́n wé ohun tí ó ti rí ní Íjíbítì, ó sì kọ ọ́ pé baba ńlá àwọn tí ó ń gbé ilẹ̀ náà ni ó kọ́ wọn. Ó tún gbà gbọ́ pé ìtàn ìlú náà ni ó wà nínú àwọn àmì tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lè kà wọ́n nígbà náà. Ọdún tí ó kọjá lẹ́yìn ìgbà náà ti dá a láre lórí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọpọlọ rẹ̀ gbà ni ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe. Ó ra ahoro Copán ní 50 dọ́là, ó sì ń gbèrò láti kó lára àwọn òkúta náà lọ sí New York. Nínú ìwé náà, ẹ̀fẹ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ rírà yìí ṣe: bí ẹni tí ó tà á ṣe rò pé òmùgọ̀ ni olùrà. Òǹkàwé tí ó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní rántí béèrè bóyá ẹni tí ó tà á ni ó ni í tà. Àwọn ará àdúgbò tí ó fi àdá la ọ̀nà, tí ó mọ ibi tí ère wà kí àlejò tó dé, ń bọ̀, wọ́n ń lọ nínú ìtàn náà bí òjìji. Igbó ni a fi hàn pé ó nípọn, kí ẹni tí ó là á kọjá lè tóbi.

Láti 1952, nígbà tí Yuri Knorosov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi ọ̀nà tí a fi lè ka àkọsílẹ̀ Maya hàn, àwọn òkúta náà ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Òkúta onígun mẹ́rin kan wà ní Copán tí wọ́n ya ọba 16 yí ká, tí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, K'inich Yax K'uk' Mo', ń na ọ̀pá àṣẹ sí ẹni ìkẹyìn. Ní 426 ni ìtàn ìdílé náà bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú òkúta bẹ́ẹ̀: ohun tí akígbe ọba ń fi ẹnu ṣe ní ààfin, wọ́n fi òkúta ṣe é. Àwọn ọmọ Maya sì wà láàyè ní ọ̀kẹ́ àìmọye ní Guatemala, Mẹ́síkò àti Belize, wọ́n ń sọ èdè tí ó lé ní 20 tí ó ti ara èdè baba wọn jáde. Síbẹ̀, títí di òní, ìwé tí ó ń pe Maya ní ẹ̀yà tí ó pòórá kò dẹ́kun láti jáde. Ìlú wọn ni ó dahoro. Àwọn fúnra wọn kò pòórá.

Clapperton àti àwọn Lander ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ọ̀rọ̀ yìí súnmọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìparí 1825, Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la igbó kọjá wọ ilẹ̀ ọ̀dàn, ibà pa àwọn kan nínú wọn lójú ọ̀nà, àwọn tí ó kù sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Kìn-ín-ní 1826. Clapperton kú ní ilẹ̀ Sókótó ní 1827, wọ́n tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1829. Richard Lander, tí ó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Karùn-ún 1830. Ìwé tiwọn jáde ní 1832.

Nígbà méjèèjì, Ọ̀yọ́-Ilé kì í ṣe ahoro. Aláàfin wà nínú ààfin, àwọn ayaba wà, ọjà ń ná. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìbéèrè kejì wọn àwọn ìwé náà, ìlú náà ti ń pàdánù ara rẹ̀ kí ó tó tú: Katunga ni wọ́n pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é ni èyí. Wọ́n wọ ìlú láti ìhà gúúsù, wọ́n kọjá láàrin ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin, síbẹ̀ orúkọ tí aládùúgbò fún ìlú náà ni wọ́n mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àlejò yìí wo ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, orúkọ tí wọ́n ti gbé wá ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Odò Ọya ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè tí àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ fẹ́ kí wọ́n dáhùn ni ibi tí odò náà ń gbà wọ òkun, àwọn ọmọ ìyá méjèèjì sì rí ìdáhùn náà ní 1830. Ẹni tí ó ń wá òpin odò kì í dúró gbọ́ oríkì ìlú. Ní 1830, àwọn Lander ṣàkíyèsí pé odi ìlú náà ti ń wó, kò sì sí ẹni tí ó ń tún un mọ. Àìbìkítà àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀. Wọn kò so odi tí ó ń wó pọ̀ mọ́ ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, mọ́ bí Ìlọrin ṣe bọ́ kúrò lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, mọ́ ogun tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ìlú àgbègbè náà lọ. Bí odi bá ń wó nígbà tí ogun ti kó ọwọ́ tí ìbá mọ ọ́n, ọ̀lẹ kọ́ ni orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1830, ìlú náà tú.

Ọ̀rọ̀ igbó pàápàá nílò àtúnṣe. Ẹni tí ó bá ti Èjìgbò gbéra lónìí lọ wo Ọ̀yọ́-Ilé yóò gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìgbẹ́tì, kí ó tó yà wọ inú ọgbà ohun alààyè tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991. Bí ó ti ń lọ, igi yóò máa dínkù, koríko yóò máa ga, àpáta yóò sì máa yọ. Ìlú ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹṣin kì í pọ̀ nínú ẹgàn. Òǹkọ̀wé tí ó bá gbé ahoro náà sínú igbó kìjikìji ti sọ agbára ìlú náà di àdììtú, nítorí pé ọ̀dàn wà lára ohun tí ó jẹ́ kí agbára náà ṣeé ṣe.

Erédò Ṣùńgbọ́ àti Àwọn Ère Èsìẹ́

Kì í ṣe ayé àtijọ́ nìkan ni irú ìtàn yìí ti gbilẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Ṣùńgbọ́ yí ilẹ̀ gbígbòòrò ká: kòtò àti odi yẹ̀pẹ̀ tí gígùn rẹ̀ lé ní 160 kìlómítà, tí ó sì ga tó 20 mítà ní àwọn ibì kan láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi. Ní 1999, nígbà tí iṣẹ́ Patrick Darling lórí rẹ̀ dé etí ìgboro, àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun gbé e jáde bí ìyanu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú igbó Áfíríkà. Ogójì ọdún ṣáájú ìgbà náà, ní 1959, Peter Lloyd ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú Lloyd ni àwọn ará Òkè-Èrì sì ti ń bọ̀wọ̀ fún ibojì Bílíkísù Ṣùńgbọ́, tí wọ́n gbà pé òun ni ó ni iṣẹ́ náà. Ohun tí ó ní orúkọ, tí ó ní olóhun, tí ó ní ibojì tí wọ́n ń lọ bẹ̀ wò, ni ìròyìn pè ní ohun tí ó sọnù.

Orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìròyìn kò sì ṣaláìní àbájáde lórí ilẹ̀. Odi tí a bá gbà pé kò sí ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó fẹ́ yẹ̀pẹ̀ yóò bu yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ilẹ̀ oko yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá eré lítíréṣọ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan lè ṣe àríyànjiyàn pé ahoro mìíràn wà tí olóhun rẹ̀ kò sí mọ́ ní tòótọ́. Àríyànjiyàn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, Èsìẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kwara sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tí ó dára jù. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà níbẹ̀. Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé baba àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Wọ́n ní àwọn bá wọn níbẹ̀ nígbà tí àwọn tẹ̀dó, ìtàn wọn sì sọ pé ènìyàn ni àwọn ère náà kí wọ́n tó di òkúta. Ní 1933 ni ìròyìn wọn wọ ìwé ìjọba, ní 1945 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dúró síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí ni pé àìmọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn kò sọ àwọn ère náà di aláìní ará. Àwọn ará Èsìẹ́ ń ṣe ọdún fún wọn. Ìtàn wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní olùṣàwárí. Alábòójútó ni ó pe àwọn onílùú. Ìdáhùn sí "ahoro ta ni?" kò fi dandan jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó lè jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

Johnson àti Fágúnwà

Kò ní tọ́ kí a dá àlejò nìkan lẹ́bi. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ní ti ìbéèrè kejì àti ìkẹta, kò sí ìwé kan nínú àwọn tí a ti dárúkọ tí ó tó o. Johnson pe Ọ̀yọ́-Ilé ní orúkọ rẹ̀. Ó dárúkọ àwọn Aláàfin, àwọn ìjòyè, àwọn balógun, àti ẹni tí ó da ta. Nígbà tí odi bá wó nínú ìwé rẹ̀, ènìyàn ni ó wó o. Ó sì fi hàn pé nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, Àtìbà gbé oyè Aláàfin lọ sí Àgọ́-Ọjà, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́ tí ó wà títí di òní. Ahoro wà ní àríwá, ìlú ti ṣí lọ sí gúúsù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ó kọsẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀: ìtàn rẹ̀ sọ ohun gbogbo nípa bí ènìyàn ṣe jáde kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, kò fi bẹ́ẹ̀ la ọ̀nà fún ẹni tí yóò padà lọ wò ó.

Ti D. O. Fágúnwà yàtọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ìrìn-àjò inú igbó ni ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Akàrà-ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọba ni ó rán wọn, nítorí ire ìlú. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò bá alápà. Wọ́n bá ọba tí ó jókòó, wọ́n sì bá Ìrágbèje tí ó kọ́ wọn ní ọgbọ́n fún ọjọ́ méje. Ẹ̀kọ́ ni ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀ wálé. Fi èyí wé 50 dọ́là Copán, ìyàtọ̀ yóò hàn: ní ọ̀dọ̀ Fágúnwà, ẹni tí ó la igbó kọjá ni ó di ọmọ ilé-ìwé ẹni tí ó ń gbé òdìkejì.

Síbẹ̀, Fágúnwà kò bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n náà pátápátá. Ṣáájú Láńgbòdó, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tí àwọn ọdẹ rẹ̀ bá pàdé nínú igbó ni wọ́n ń bá jà, tí wọ́n sì ń pa, láìbéèrè ilé ta ni àwọn wọ̀. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wà nínú igbó kí Akàrà-ògùn tó dé. Ọgbọ́n ìtàn-àròsọ ni ó gba ọdẹ láyè láti wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó bá ka ìwé náà láìsí olùkọ́ rere lè rò pé igbó tí ènìyàn mìíràn ń gbé kò ní onílé. Ìdájọ́ tí a ṣe fún Stephens ni ó yẹ kí a ṣe fún ti ilé pẹ̀lú.

Èjìgbò gẹ́gẹ́ bí Ìlú Àtijọ́

Ìtàn Èjìgbò sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Akínjọlé, tí wọ́n ń pè ní Ògìyán, ti wá tẹ ìlú náà dó. Òrìṣà Ògìyán ni òrìṣà ìlú, iyán ni oúnjẹ rẹ̀, iṣu tuntun sì ni ọdún rẹ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ìgbà pípẹ́ ní Bahia ní Brazil, tí ó sì di babaláwo ní Kétu ní 1953, kọ ìtàn ọdún náà sínú ìwé rẹ̀ lórí òrìṣà tí ó jáde ní 1981. Ó ní babaláwo kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba ṣe oògùn tí ó sọ Èjìgbò di ńlá, lẹ́yìn náà ó rin ìrìn-àjò. Nígbà tí ó padà dé, ó pe ọba ní orúkọ tí ó ti ń pè é láti ìgbà tí ìlú ṣì kéré. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ka èyí sí àfojúdi, wọ́n nà án, wọ́n sì tì í mọ́lé. Fún ọdún méje òjò kò rọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Nígbà tí Ifá tú àṣírí, wọ́n tú babaláwo náà sílẹ̀, ó sì dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní lọ́dọọdún kí àwọn ará ìlú máa fi ọ̀pá na ara wọn. Ìdí nìyí tí àdúgbò méjì fi ń fi àtòrì bá ara wọn jà nígbà ọdún Ògìyán.

Ìtàn yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn arìnrìn-àjò àti orúkọ. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé ni ó mọ orúkọ ìpìlẹ̀. Àwọn onílé ni ó ti gbàgbé. Ìjìyà ìgbàgbé náà sì wà lára òjò àti ọmọ. Èjìgbò tipa bẹ́ẹ̀ kọ ẹ̀bi ara rẹ̀ sínú ọdún rẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìrìn-àjò kò ṣe.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé òrìṣà náà lọ. Ní Brazil, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, Eléjìgbò wà lára orúkọ rẹ̀, odó iyán wà nínú ọdún rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn pa mọ́ kọjá ìrora ńlá báyìí kò tọ́ sí àbùkù. Ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ kàn: òǹkọ̀wé tí ó bá gba orúkọ náà lẹ́nu wọn, tí ó sì kọ Èjìgbò bí ìlú ìgbà ìwáṣẹ̀ tí ó wà nínú igbó Áfíríkà nígbà kan rí. Bí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá dé Èjìgbò fúnra rẹ̀, ohun tí yóò rí yóò da ìtàn rẹ̀ rú. Yóò rí ọkọ̀ tí ó ń kó èrò lọ sí Abidjan, nítorí pé ọmọ Èjìgbò ti ń gbé Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran. Yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ìyálọ́jà. Yóò bá ọ̀gbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ alápà ni ó wá wò, ó lè pàdé rẹ̀ ní ẹ̀bá oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú un lọ síbẹ̀ yóò sọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ fún un, yóò sì sọ ìdí tí ọmọ onílé náà fi wà ní Abidjan.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran, ni Yorùbá wí. Kì í ṣe èébú. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé ìríran àlejò nílò ẹnu onílé. Verger rí i nítorí pé ó jókòó ti àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ìwé rẹ̀ dárúkọ ìlú, ó sọ ohun tí àdúgbò ń ṣe sí àdúgbò, ó sì fi ìtàn náà sí ẹnu àwọn tí ó ni ín.

Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé bí igbó ṣe nípọn tó tàbí bí ògiri ṣe ga tó kọ́ ni a fi ń mọ ìtàn ìrìn-àjò tí ó dára. Stephens dáhùn ìbéèrè ìkẹta bí ó ti tọ́, ó sì fi owó rẹ̀ tako ìdáhùn náà. Clapperton àti àwọn Lander rí ìlú tí ó wà láàyè, orúkọ rẹ̀ kò sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìròyìn 1999 sọ Erédò di ohun àwárí lójú àwọn tí ó bí i sí ẹ̀bá rẹ̀. Johnson fún ahoro ní ènìyàn; Fágúnwà fún arìnrìn-àjò ní olùkọ́.

Iṣẹ́ tí ó kù wà nílé. Ọmọ ilé-ìwé ní Èjìgbò tàbí ní àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ lè ka ìtàn Maya nínú ìwé, kí ó sì gbà pé ibi jíjìn ni ahoro wà. Olùkọ́ tí ó bá fún un ní gègé àti ìwé, tí ó ní kí ó bá bàbá rẹ̀ àgbà lọ sí oko, kí ó sì béèrè orúkọ alápà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọjá, ti kọ́ ọ ní lámèyítọ́ ju èyí tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lọ. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí ó sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì dé Ọ̀yọ́-Ilé, kò ní kọ ọ́ pé òun rí ìlú tí ó sọnù. Yóò kọ ọ́ pé òun lọ wo ilé àwọn kan tí wọ́n ti ṣí lọ, yóò sì kọ ibi tí wọ́n ń gbé báyìí.